Omi Pínńkì Inú Ọkọ̀ Darcy

                                                  Ilé tó kángun sí èbúté,
                                                  Feener Cove,
                                                  Nova Scotia.
                                                  Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kọkànlá, 2015.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Orin,

Àgbà kì í wọ ilé kí ó má kí ará ilé, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí agbo ilé rẹ bí ipò ti tẹ̀ léra. Mo kí Màmá àgbà, ìyá ìyàwó rẹ, tí ọjọ́ orí fi ṣe olórí gbogbo yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí orúnkún tó ń dùn wọ́n fúyẹ́ kí yìnyín tó bo ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo kí Marguerite aya rẹ, obìnrin rere tí kì í jẹ́ kí ọdún kan yí po láìfi káàdì kí wa. Mo kí àwọn ọmọ, láti orí èyí tó ń wa mọ́tò dé orí èyí tó ń wa kẹ̀kẹ́. Bí àlejò kan bá wà nílé, mo kí òun náà, kí ó jókòó. Ìwọ ni mo kí kẹ́yìn, kì í ṣe pé o kéré jù, bí kò ṣe pé ọ̀dọ̀ rẹ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o tilẹ̀ ń rí oorun sùn? Mo béèrè nítorí Hazel aya mi, ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún mi bí ohùn rẹ ti rí lórí fóònù lánàá.

Mo pè ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, o kò gbé e. N kò bínú. Ẹni tí bàbá rẹ̀ wà lórí ibùsùn àìsàn tí òun fúnra rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn, a kì í bá a wí nítorí ìkíni. Ìwé ni mo wá mú, Hazel yóò sì fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ kí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ lónìí.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ dá ọ lóró: Bàbá wà láàyè. Ní òwúrọ̀ yìí ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó sì bá nọ́ọ̀sì jà pé ẹ̀kọ tí ó gbé wá kò níyọ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ ti dákẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kò tíì tọ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà sọ fún wa láìfi bò pé bí ìtọ̀ bá jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ọ̀nà là. Bí kò bá jáde, ní irú ọjọ́ orí tí Bàbá wà yìí, kí a múra ọkàn. Ibi tí a dé nìyẹn. Gbogbo Feener Cove ló ń dúró de ìtọ̀ ọkùnrin kan, kò sì sí ẹni tí ó ń fi ṣe ẹ̀rín.

Hazel ní o sọ pé Darcy fún bàbá rẹ ní májèlé jẹ, àti pé bí ó bá fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn náà, ọlọ́pàá ni ìwọ yóò fi gbé e. Ọkọ Lorna ọmọ mi ni Darcy. Mo mọ̀ pé a kì í fi bàbá ìyàwó ṣe adájọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, nítorí náà n kò dá ẹjọ́ kankan. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ rò fún ọ. Gbọ́ ọ tán, lẹ́yìn náà kí o wá sọ tìrẹ.

Nígbà tí o fi ibí sílẹ̀, garawa ni a fi ń gbé omi mímu sínú ọkọ̀ ojú omi. Ayé ti yí. Kò sí ọkọ̀ tí ó kéré jù lónìí láti ní táǹkì omi lábẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú páìpù tí ó lọ sí ibi ìfọwọ́, àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí omi lè jáde. Ó dùn nígbà ooru. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ká omi mọ́ inú rẹ̀, omi yóò dì, yóò wú, yóò sì la páìpù àti ẹ̀rọ bí ẹni la obì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa omi náà gbẹ kí ìgbà òtútù tó wọlé, tí a sì ń fi omi tí kì í dì rọ́pò rẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń tà á. Oríṣi kan wà fún páìpù omi mímu, pínńkì ni àwọ̀ rẹ̀. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù nínú páìpù, kò pa ènìyàn. Oríṣi kejì wà fún ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ ewé ni, ikú sì ni. A ti fi ṣe àkọ́sórí níhìn-ín, a kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀ gòkè: “Pínńkì, mu, aláwọ̀ ewé, sá.” Ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà ń kọ ọ́ lórin. Darcy, tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ títẹ́jú tí kò mọ òkun rí kí ó tó fẹ́ Lorna, ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kọ́ ọ.

Tíì ọjọ́ ìfàkọ̀, nígbà tí a bá fa gbogbo ọkọ̀ gòkè sórí ilẹ̀ fún ìgbà òtútù, ṣì wà bí o ti mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ tí ó bá gòkè kẹ́yìn ni omi tíì ti ń wá, nítorí pé omi inú rẹ̀ ni omi tí ó kẹ́yìn nínú ọdún. Ẹni tí ó dàgbà jù ni yóò mu, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò fẹnu kan tirẹ̀ títí àgbà náà yóò fi da ife dé sórí tábìlì. Láti ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Corkum ti lọ sinmi, Bàbá rẹ ni ó ń da ife dé fún wa.

Ọkọ̀ Darcy kọ́ ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn, ti Màmá Verna Wentzell ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, rédíò sọ pé ìrì dídì ń bọ̀. Darcy, ẹni tí kì í fi iṣẹ́ òní dọ̀la, wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó da omi pínńkì lé omi díẹ̀ tí ó kù nínú táǹkì, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ títí pínńkì fi yọ lẹ́nu páìpù, ó sì sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, okùn irin já kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí a ń fà á. A tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí iṣẹ́ àwọn yòókù má bàa dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó ṣe ìkejì ṣe di ìkẹyìn. Darcy fúnra rẹ̀ wà nínú omi tó mù ún dé àyà, ó ń so okùn. Màmá Verna ṣe ohun tí ó ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó gbé ìkòkò tíì rẹ̀ tó ti dúdú, ó gun ọkọ̀ ìkẹyìn, ó tẹ ẹ̀rọ, ó sì bu omi. Àṣà kò ní kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀. Inú ọkọ̀ ṣókùnkùn, inú ìkòkò dúdú, omi tí ó ti wà nínú táǹkì sì ti sọ pínńkì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ta ni ìbá rí i?

Mo ti kí àwọn àgbà tán lórí ìdúró, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fa okùn àti àwọn tó se ọbẹ̀ ẹja, mo sì gbé ife àkọ́kọ́ lé Bàbá lọ́wọ́. Ó mu ún, ó lá ètè.

Ó ní, “Verna, kí ló mú ọ lawọ́ báyìí? Ṣúgà inú tíì yìí pọ̀ gan-an.”

Màmá Verna ní, “Ṣúgà wo? N ò tíì fọwọ́ kan ṣúgà. Ẹnu arúgbó yín ló ń tàn yín.”

“Bó bá jẹ́ ẹ̀tàn ni, tún tàn mí sí i.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kàkà kí ó da ife dé, ó nà án síwájú, Verna sì tún bu òmíràn sí i. Orin, rò ó wò. Bí ó bá ti da ife yẹn dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ó ti máa ń ṣe, gbogbo àwùjọ ni ìbá ti mu. Tèmi ti wà lọ́wọ́ mi, ó ń yọ èéfín.

Ìgbà yẹn ni Darcy gòkè láti inú omi, tí ó ń gbọ̀n, tí ó sì ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó wo ìkòkò. Ó ní, “Màmá, inú ọkọ̀ ta lẹ ti bu omi?”

“Inú tìẹ ni. Àbí ẹlòmíì ló kẹ́yìn?”

Darcy rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ ti bu pínńkì o. Àná ni mo ti rọ ọ́ sí i.”

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí a má yọ Bàbá lẹ́nu, pé ó kéré tán kò ní dì ní ìgbà òtútù yìí. Ẹ̀rín tún sọ. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé pínńkì ti tán ní ṣọ́ọ̀bù wa láti ọjọ́rú. Mo bi í pé ibo ni ó ti rà á. Ó ní òun kò rà á, èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì tí òun ń rọ sínú radiétọ̀ mọ́tò akẹ́rù òun ni. “Pínńkì náà ni,” ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì kú sí i lẹ́nu bí ó ti ń sọ ọ́.

Àwọn tí ń ṣe omi ẹ́ńjìnnì ti ń pa á láró tuntun fún mọ́tò tuntun, àwa sì wà níhìn-ín tí à ń kọrin àtijọ́. Mo kígbe pé kí gbogbo ènìyàn da tíì nù. Ife ń bọ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí mo yíjú sí Bàbá, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ó ń béèrè ẹni tí ó da ọtí sínú tíì òun. Bàbá rẹ tí kò mutí rí.

Kí Ọlọ́run bá mi bu ọlá fún Hazel. Kò sunkún, kò pariwo. Ó pe àwọn tí ń gba ìpè lórí májèlé, ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ó gbé Bàbá sínú mọ́tò rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, ó sì pàṣẹ fún Darcy pé kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà tẹ̀ lé òun. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Darcy nínú mọ́tò akẹ́rù náà. Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè bóyá ohun tí Bàbá mu dá wa lójú, nítorí pé àyẹ̀wò yóò pẹ́, oògùn rẹ̀ kò sì ṣeé fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Hazel wò mí, mo wo Hazel. Darcy gbé kẹ́ẹ̀gì lé orí tábìlì. Ó ní, “Òun nìyí. Èmi ni mo rọ ọ́ sí táǹkì. Ó dá mi lójú.” Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n so oògùn mọ́ Bàbá lápá. Dókítà sọ fún wa nígbà tó yá pé bí a bá ti ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ nítorí ìtìjú, ọ̀rọ̀ ìbá ti kọjá kíndìnrín.

Láti ìgbà náà, Darcy kò wọ inú ilé ìwòsàn mọ́. Inú mọ́tò ni ó ń jókòó sí níta, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lorna gbé oúnjẹ lọ, ó gbé e padà bó ṣe rí.

Lánàá, lẹ́yìn tí o ti bá Hazel sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Bàbá ní kí wọ́n pe ọmọ náà wọlé. Hazel sọ fún un pé Orin kò fẹ́. Bàbá ní, “Orin wà ní Alberta. Ibùsùn tèmi nìyí.” Darcy wọlé, ó ṣí fìlà, ó dúró sídìí ògiri. Mo rò pé ìbáwí ni yóò tẹ̀ lé e.

Bàbá ní, “Ọkọ̀ rẹ ńkọ́?”

“Bàbá?”

“Mo ní ọkọ̀ rẹ ńkọ́. Ṣé nǹkan yẹn ṣì wà nínú táǹkì?”

“Ó ṣì wà níbẹ̀. N ò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Mo fẹ́ tà á.”

“Ta lo fẹ́ ta tíì mi fún?”

Bàbá dúró kí èémí rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Basil, mú un lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kẹ́ ẹ rọ èyí tó tọ́ sí i kí òtútù tó ká a mọ́bẹ̀. Ẹ má da èyí tó wà nínú rẹ̀ sétí omi o, ajá á lá a. Kẹ́ ẹ sì gbé ọ̀dà dání. Ohun tí mo kọ sára ilẹ̀kùn yẹn, ẹ kùn ún pa.”

Mo bi í pé kí ni ká kọ rọ́pò rẹ̀. Ó ní ká má kọ nǹkan kan, kí oníkálukú ka ara kẹ́ẹ̀gì.

Nítorí náà, Orin, bí o bá ń wá ẹni tí ó kọ́ Darcy pé pínńkì ṣeé mu, ọ̀dà ọwọ́ ta ni ó wà lára ilẹ̀kùn náà? N kò sọ èyí láti di ẹ̀bi ru aláìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Darcy ti dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ń tẹ fèrè mọ́tò. Rédíò sọ pé òtútù ńlá ni ti òní. N óò dá kálàmù dúró níhìn-ín.


Mo ti padà dé. Ọwọ́ mi ṣì tutù, nítorí náà fojú fo bí ìkọ̀wé mi ti rí.

A fa gbogbo ohun tí ó wà nínú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, a dé e pa láti gbé e lọ síbi tí wọ́n ń gba irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi mímọ́ láti ilé mi, à ń tẹ̀ ẹ́ jáde, à ń rọ òmíràn. Àkọ́kọ́ jáde ní pínńkì, èyí tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ ojú ọmọ tuntun, títí ó fi mọ́ gaara. Mo ní ó tó. Darcy ní, “Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.” Ó tún un ṣe. Mo tún ní ó tó, ó tún ní kí n jẹ́ kí òun tún un ṣe. N kò dá a lẹ́kun mọ́. Ó tú asẹ́, ó tú rọ́bà tí ó so mọ́ ìdí ẹ̀rọ, nítorí pé ikùn ẹ̀rọ náà a máa fi omi pamọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi aṣọ nù ún. Orí ìkúnlẹ̀ ni ó ti ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì gbójú sókè.

Lẹ́yìn tí táǹkì gbẹ, mo gbé kẹ́ẹ̀gì tuntun tí Darcy rà bọ̀ láti ìtòsí ilé ìwòsàn. Mo ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Darcy ń wí i tẹ̀ lé mi bí ẹni ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. A rọ ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, mo di ife mú sẹ́nu páìpù. Páìpù wúkọ́, ó tu afẹ́fẹ́, ó tún wúkọ́. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún, orúkọ Hazel ni ó sì wà lójú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Darcy dúró. N kò rí ojú tó rí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo gbé fóònù sétí, ẹkún ni mo gbọ́, ẹkún lásán, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo rò pé ohun tí à ń bẹ̀rù ti dé. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi tù ú nínú, n kò rí ọ̀kan, èmi tí ẹ máa ń pè ní ẹlẹ́nu.

Hazel ní, “Ó ti tọ̀, Basil.”

Mo ní, “Kí lo wí?”

“Bàbá ti tọ̀. Ó kún ìkòkò. Ó ní kí n sọ fún Darcy pé kì í ṣe pínńkì.”

Mo tún un sọ fún Darcy bí ó ti rí gan-an. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ inú ọkọ̀, ó fi apá bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Mo gbé ẹsẹ̀ tèmi lé ẹ̀rọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, títí pínńkì fi dà gbuurugbu sínú ife.

Dókítà kò tíì ní ká jó. Ẹ̀rọ ṣì lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, a kò sì mọ bí kíndìnrín náà yóò ti padà bọ̀ sípò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Lẹ́yìn náà ni a gba ẹ̀bá èbúté lọ, Darcy sì kun ilẹ̀kùn náà pa ní funfun.

Màmá Verna ní kí n kí ọ. Ó ti fi odindi ọjọ́ mẹ́ta fọ ìkòkò kan ṣoṣo, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò lu. Bí o bá rí àyè, bá a sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Lorna kí ọ. Hazel tí ó ń ya ìwé yìí kí ọ, ó sì ní kí o máa gbé fóònù. Tún bá mi kí Màmá àgbà àti Marguerite, kí o fọwọ́ ra àwọn ọmọ lórí fún mi.

Èyí tó kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Bàbá ni ó fi rán mi, ó sì ní kí n kéde rẹ̀ bí mo ti máa ń kéde lórí ìdúró lọ́jọ́ ìfàkọ̀. Nítorí náà, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún ìwọ Orin Knickle, àti fún gbogbo agbo ilé rẹ lápapọ̀, pé ní ọjọ́ tí dókítà bá tú Bàbá Enos Knickle sílẹ̀, Darcy Melnyk ni yóò fi mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ gbé e wá sílé. Bàbá ní bí inú rẹ kò bá dùn sí i, kí o má fi fóònù jà. Kí o wá. Àga iwájú mọ́tò náà gba ẹni mẹ́ta, òun kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọ jókòó sáàárín títí wọn yóò fi gbéra.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ,

Basil Zinck